Ìpẹtà Ọjọ́ Kejì Jímọ̀

Àlàmísì, oṣù tó ṣáájú oṣù Iléyá

Àwọn apẹja odò Mónò gbé ìbọn Sùlè wá sílé wa láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní abẹ́ gbòǹgbò igi ni àwọn ti rí i nígbà tí omi fà, ẹrẹ̀ ti dí i lẹ́nu. Mo bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n rí nǹkan mìíràn. Wọ́n ní ìbọn nìkan ni. Mo tún bi wọ́n, wọ́n tún ní ìbọn nìkan ni.

Ìgbà òjò ni odò gbé àbúrò mi yìí lọ, ọjọ́ Jímọ̀ ni, aṣọ sójà àwọn Jámánì sì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọdá ṣáájú. Nígbà tí wọ́n wẹ̀yìn, kò sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni òyìnbó Jámánì tó ń pàṣẹ ní Sokodé ti ń sọ pé kò kú, pé ṣe ló gbé ìbọn sá lọ sọ́dọ̀ àwọn Faransé, pé Dáúdà àbúrò rẹ̀ ló sì bá a wá ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí Dáúdà fi wà lẹ́wọ̀n di òní. Ọba ti rán ènìyàn lọ sí Sokodé pé a ti rí ìbọn.

Kò sí ìbọn ṣakabùlà tó bàjẹ́ láti Kambolé níhìn-ín títí dé Koussountou tí wọn kì í gbé wá sí ilé arọ tí mo ti ń rọ irin. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ṣakabùlà. Ìdí ni wọ́n ti ń ki ọta rẹ̀, kì í ṣe ẹnu. Irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fà ṣí kí ọta lè wọlé. Ìlẹ̀kùn ni èmi ń pè é. Ìlẹ̀kùn náà kò mira. Ìpẹtà ti bo gbogbo ara ìbọn, ó ń ṣí bí èèpo igi, abẹ́ rẹ̀ sì ti dá ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí ìgbóná bá jà.

Ìyá Sùlè jáde nígbà tó gbọ́ ohùn wa. Jàríátù ni orúkọ rẹ̀, àbúrò bàbá mi ni, agboolé wa ló padà sí nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó ní kí n gbé e fún òun. Ó tẹ́ ẹ sórí itan bí ẹni tẹ́ ọmọ tó sùn, ó ń fi ọwọ́ pa á. Kò sunkún. Ó ní, "Ó tutù."

Ọjọ́ kejì Jímọ̀

Àkànó dé láti Sokodé, òun ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún òyìnbó. Ó mu omi, ó jẹ iṣu wa, ó yin iṣu náà dáadáa, kó tó sọ ohun tó bá wá.

"Alágbẹ̀dẹ," ó ní, "òyìnbó ní kí ìbọn dé ọ̀dọ̀ òun kí Iléyá tó dé. Ó ní kó mọ́, kó ṣeé yìn. Bó bá mọ́, Dáúdà yóò jáde lẹ́wọ̀n. Bí kò bá mọ́, á jẹ́ pé ẹ ti ba ohun ìní ìjọba jẹ́, wọ́n á sì fi Dáúdà kún àwọn tó ń lọ la ojú irin ní Atakpamé."

Mo ní odò ló bà á jẹ́, kì í ṣe àwa.

"Wàláhì, mo mọ̀. Ṣé èmi ni mo sọ ọ́ ni?"

A mọ ojú irin. Ọkùnrin tí wọ́n mú lọ láti Bago lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ kan ló fi padà, òun nìkan ló sì padà nínú àwọn tí wọ́n kó lọ. Ìyá Sùlè jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Àkànó ń sọ̀rọ̀. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Ìbọn ló ń wò.

Àlàádì

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ń kọ ohun tí mo fi ṣe é sílẹ̀ kí n lè mọ ibi tí mo ti bà á jẹ́, bó bá bàjẹ́.

Mo fi ọ̀pá ọ̀pẹ yọ ẹrẹ̀ ẹnu rẹ̀. Akàn kékeré kan bọ́ jáde nínú rẹ̀, ó ti gbẹ. Mo jù ú nù kí Ìyá má baà rí i. Lẹ́yìn náà mo rọ òróró ẹ̀pà sí ìlẹ̀kùn, mo fi òwú dí i kó lè mu òróró náà wọlé. Fún ara rẹ̀, mo jọ eérú kúnná, mo fi òróró pò ó, mo ń fi ṣùkù àgbàdo ra á lọ ra á bọ̀. Ibi tó bá le, ewé ìpín ni. Iṣẹ́ yìí kò fẹ́ agbára. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ họ ìpẹtà, irin ni yóò họ kúrò, ìpẹtà yóò sì wà nínú ihò, yóò máa fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Fàúsátù ìyàwó mi bi mí pé, "Bàbá Sèínábù, níbo ni ìbọn yìí yóò sùn?"

Mo ní yàrá wa ni. Ó ní kí n yáa wá ìyàwó tí yóò bá a sùn níbẹ̀, pé òun kò ní í sun abẹ́ ìbọn ẹni tí odò gbé lọ. Ìyá gbọ́ wa láti ìta.

"Gbé e wá sí yàrá mi," ó ní. "Yàrá mi ló máa ń sùn sí bó bá wálé."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe yanjú rẹ̀. Yàrá Ìyá gbẹ, iná kì í kú níbẹ̀. Inú mi dùn sí i.

Àtàlátà

Ìlẹ̀kùn ìbọn ṣí! Mo kígbe débi pé ewúrẹ́ Fàúsátù já okùn.

Àlàmísì

Irin tín-ín-rín kan tó yí bí ìwo àgbò wà nínú ìlẹ̀kùn náà, òun ló ń ta kí ìbọn lè dún. N kò gbé e súnmọ́ iná; iná yóò pa agbára rẹ̀. Mo fi ewé ìpín nù ún bí ẹni nu etí ọmọ ìkókó.

Mo so òwú mọ́ okùn, mo ń fà á gba inú ọ̀pá ìbọn. Ó kọ́kọ́ pupa bí osùn, ó wá dà bí omi àgbo, ó wá funfun. Mo gbé ìbọn sókè mo yọjú wò ó láti ìdí. Mo rí ojú ọ̀run lẹ́nu rẹ̀, kò ju owó ẹyọ kan lọ. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: mo yin ara mi. Mo fi òrí pa á tinú-tòde, mo gbé e padà fún Ìyá.

"Ó ti mọ́?" ó bi mí.

"Ó ti mọ́, Ìyá."

"Mímọ́ tí ojú ń rí," ó ní. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Ọjọ́ kejì Jímọ̀

Ìpẹtà ti tún jáde.

N kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Mo lọ mú ìbọn ní yàrá Ìyá láàárọ̀ kí n lè fi han Ọba. Ẹnu rẹ̀ pupa. Abẹ́ ìlẹ̀kùn pupa, ìlà pupa kan sì ṣàn wá sílẹ̀ láti ibẹ̀ títí dé ibi igi rẹ̀, bí omijé ṣe máa ń gbẹ sójú ọmọ. Òrí tí mo fi pa á kò sí níbẹ̀ mọ́, ó dà bí ẹni pé wọ́n lá a. Mo gbé e sí imú. Òórùn kàfúrà ni, èyí tí a ń fi sí ara òkú.

N kò sọ ti òórùn náà fún ẹnikẹ́ni. Mo ní òrí tí mo rà ni kò dára, omi wà nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ni.

Àtìní, ní Tchamba

Mo wá ra òrí gidi. Àwọn obìnrin Tem tó ń tà á ti fi owó lé e, wọ́n ní ọyẹ́ tètè dé lọ́dún yìí, gbogbo ètè ló ń là. Iṣu pọ̀ lọ́jà bí iyanrìn, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Agbọ̀n iṣu méjì ni mo gbé wá, ìkòkò òrí kékeré kan ni mo rí gbà lé e lórí. Òrí náà funfun, ó ń rùn bí ó ti yẹ kó rùn.

Mo pàdé Àkànó. Mo bi í léèrè Dáúdà. Ó ní òun rí i níbi tó ti ń fọ́ òkúta sí ojú ọ̀nà, ó ń wúkọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí òun kí wa. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló bi òun: ṣé wọ́n ti rí ẹ̀gbọ́n òun? Àkànó ní òun sọ fún un pé wọ́n ti rí ìbọn. Dáúdà ní ìbọn kọ́ lòun bi í.

Àlàrùbá

Mo yọ́ òrí lórí iná títí omi inú rẹ̀ fi tán pátápátá. Mo tún ìbọn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi omi òrombó sí ìdí àwọn ihò wẹ́wẹ́, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, mo nù ún kíá, nítorí òrombó kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Àwọn ihò náà ti jìn ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, n kò mọ̀ bóyá inú ọ̀pá ìbọn náà yóò ṣì jẹ́ kí ọta kọjá láìfọ́.

Ọyẹ́ mú. Ìrì kò sẹ̀ mọ́. Ewé gbẹ tó fi ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí irin bá fẹ́ dógùn-ún, kì í ṣe irú àkókò yìí.

Jímọ̀

Mo yẹ ìbọn wò kí n tó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó ń dán, òrí wà lára rẹ̀, kò sí òórùn kankan.

Ọjọ́ kejì Jímọ̀

Ó ti tún jáde. Ibi kan náà. Ìlà pupa kan náà, òórùn kan náà.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níbí kí n má baà sọ ọ́ lẹ́nu. Alágbẹ̀dẹ ni mí, mo mọ irin bí mo ṣe mọ ọwọ́ mi. Irin kì í sunkún. Nínú ọyẹ́, pẹ̀lú òrí tí mo fi ọwọ́ ara mi yọ́, nínú yàrá tí iná wà, kò yẹ kí ìpẹtà jáde. Jímọ̀ ni Sùlè rì. Bí Jímọ̀ bá ti kọjá ni irin rẹ̀ ń tutù.

Fàúsátù kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ó ń padà wá ni," ó ní. "Ọ̀nà jìn láti Mónò, omi ń kán lára rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí ó ṣe, kí ó kọ́kọ́ nu ara?"

Mo ní kó dákẹ́. Ó dákẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ohun tí ń kán.

Àlàádì

Mo lọ bá Áfà wa. Mo ní kí ó bá wa kírun sí Sùlè lára kí ara ilé lè balẹ̀.

Ó bi mí pé, "Ta ló rí òkú rẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó rí i."

"Ta ló wà níbẹ̀ tó rí i nígbà tó rì?"

"Odò nìkan ni, Áfà."

"Odò kì í jẹ́rìí. Ọdún mẹ́rin ni ìwé ní kí a dúró de ẹni tó sọnù, kí a tó pè é ní òkú. Ìyá rẹ̀ náà ti wá bi mí, èsì tí mo fún un nìyí."

Mo ní a ṣáà ti rí ìbọn rẹ̀.

"Yàhàyá, ìbọn kì í ṣe òkú," ó ní. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò bá mi wí.

Àlàmísì

Mo ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Apá mi ń dùn mí dé èjìká. Mo fi èédú tí mo lọ̀ kúnná bí èlùbọ́ ṣe èyí tó kẹ́yìn, nítorí eérú ti ń jẹ ẹ́ jù. Inú rẹ̀ ṣì gún, Ọlọ́run ló ṣe é, ṣùgbọ́n kò lè fara da ìpẹtà mìíràn. Ìrìn Sokodé kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ Àlàádì. Ọ̀la ni Jímọ̀.

Mo fẹ́ gbé ìbọn wá sí yàrá tèmi. Ìyá dì í mú. Ó ní, "Jẹ́ kó sùn síbí di ọ̀la." Ojú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n bá a jà.

Jímọ̀

N kò lọ sí mọ́ṣáláṣí. Kí Ọlọ́run forí jì mí. Mo mú agbádá wọ̀, mo bá àwọn ọkùnrin jáde, mo sì gba ẹ̀yìn ilé padà, mo wọ inú àká iṣu. Bí Sùlè bá ń bọ̀, mo fẹ́ rí i. Oòrùn wà ní àárín ọ̀run. Mo jókòó sáàárín iṣu, mo ń yọjú wo ẹ̀yìn yàrá Ìyá.

Kì í ṣe Sùlè ló wá.

Ìyá ló gbé ìbọn jáde sí ibi ìwẹ̀ ẹ̀yìn yàrá rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní, ó tẹ́ ìbọn lé e, ó kọjú ẹnu rẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Ó fi aṣọ funfun bò ó láti àárín dé ìsàlẹ̀. Ó wá wẹ ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní "Bísímílláhì," ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọṣẹ fọ apá ọ̀tún ìbọn lábẹ́ aṣọ náà láìṣí i. Ó fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó da omi sí i lẹ́nu, ó gbé e sókè díẹ̀ kí omi lè ṣàn jáde nídìí, bí a ṣe ń gbé òkú sókè díẹ̀ kí inú rẹ̀ lè mọ́.

Mo jáde. Mo ní, "Ìyá."

Kò ta gìrì. Ó ní, "Dúró ná, apá òsì ló kù."

Mo dúró. N kò mọ ohun tó dá mi dúró, ṣùgbọ́n mo dúró níbẹ̀ títí ó fi wẹ apá òsì tán, tó da omi ìkẹyìn sí i, èyí tí ó fi kàfúrà sí.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ohun tí a ń ṣe fún ọmọ ẹni tó kú. Áfà ní kí n dúró ọdún mẹ́rin. Ṣé ọdún mẹ́rin ni kí ọmọ mi fi wà nínú omi láìwẹ̀? Èyí ni mo rí nínú rẹ̀. Èyí ni mò ń wẹ̀."

"Láti Jímọ̀ àkọ́kọ́?"

"Láti Jímọ̀ àkọ́kọ́. Ìwẹ̀ náà ni kò gbà." Ó fi ọwọ́ kan ẹnu ìbọn. "Bí mo bá wẹ̀ ẹ́ lónìí, bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀jẹ̀ á jáde lára rẹ̀. Mo ní ẹ̀bi mi ni. Ọkùnrin ló yẹ kó wẹ ọkùnrin, obìnrin sì ni mí. Ṣùgbọ́n ta ni ǹ bá sọ ọ́ fún? Ìwọ tí ò ń fi òrí bo ìdọ̀tí mọ́ ọn lára?"

Inú bí mi. Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìpẹtà ni. Ọṣẹ yín ló ń bó òrí kúrò, omi yín ló ń jẹ irin. Ẹ̀yin lẹ ń mú ohun tí ẹ ń pè ní ẹ̀jẹ̀ jáde!"

"Ìwọ lo mọ irin," ó ní. "Èmi ni mo bí i."

"Dáúdà ńkọ́? Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí Dáúdà ni? Bí ìbọn yìí bá pupa, ojú irin ni wọ́n ń mú un lọ!"

"Dáúdà wà láyé. Ẹni tó wà láyé yóò wẹ ara rẹ̀."

Ó sọ ọ́ tán, òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù náà. Ó sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà òjò, kì í ṣe ẹkún tí a ń fi ohùn sun. Mo dúró tì í bí òpè. Ìbínú náà ti lọ. Ó wá yé mi pé ẹ̀rù tí mo fi ń bẹ̀rù Sùlè dára ju èyí lọ, nítorí òkú ni mo rò pé mo ní láti bá jà.

Mo lóṣòó tì í, mo ní, "Ìyá, èmi ni ọkùnrin tó kù nínú ilé yìí. Bí mo bá wẹ̀ ẹ́, ṣé ẹ ó fi sílẹ̀?"

Ó wò mí. Ó ní, "Bí o bá wẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Mo ní kí Fàúsátù gbé omi kaná. Kì í ṣe lílọ́ wọ́ọ́rọ́, omi tó ń hó ni. Omi tútù ló ń pa irin. Èyí tó bá hó dáadáa, irin yóò gbóná pẹ̀lú rẹ̀, ooru ara rẹ̀ ni yóò sì fi lé omi náà lọ. Mo ṣe àlùwàlá. Mo wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí a ṣe wẹ bàbá mi, ọ̀tún kí òsì tó tẹ̀ lé e. Ìyá ń sọ fún mi ibi tó kù. Èéfín ń jáde lẹ́nu ìbọn nínú ọyẹ́, ó ń jáde ó ń dúró, ó ń jáde ó ń dúró. Fàúsátù wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. N kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tí mò ń ṣe, n kò sì fẹ́ mọ̀.

Ó gbẹ kí n tó ka fátíà tán. Mo fi òwú wọ inú rẹ̀, òwú náà funfun jáde. Mo fi òrí gbígbóná pa á tinú-tòde. Ìyá fa aṣọ funfun náà ya, ó ní a gbọ́dọ̀ wé e. Mo rẹ aṣọ náà sínú òrí, mo wé e láti orí dé ìdí, mo so ó níbi mẹ́ta. Alágbẹ̀dẹ inú mi ń sọ pé èyí gan-an ni yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti eruku ọ̀nà má kàn án. N kò sọ èyí fún Ìyá.

Ìyá kírun lé e lórí ní ìdúró. Èmi náà dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ kejì Jímọ̀

Mo tú u díẹ̀ wò láàárọ̀. Irin náà dúdú, ó ń dán. Kò sí ohun tó jáde. Ìyá wò ó, ó ní, "Ó ti gbà." Ó sùn títí oòrùn fi kan orí.

Àtìní, ní bèbè Mónò

Orí ni mo fi ru ìbọn láti Kambolé. Ní Tchamba, obìnrin arúgbó kan sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó kí mi kú ọ̀fọ̀ ní èdè Tem. Ó rò pé òkú ọmọdé ni mo gbé. N kò sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́.

Omi Mónò kò ju orúnkún mi lọ. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún mi pé irú omi yìí lè gbé ènìyàn. Mo dúró láàárín rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. N kò rí nǹkan kan. Mo gbé ìbọn ga sókè, mo sì sọ fún Sùlè pé mo ń mú un kọjá, pé kó má bínú.

Àlàrùbá, ní Sokodé

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ èyí.

Òyìnbó náà tú aṣọ náà fúnra rẹ̀. Ó ju aṣọ sílẹ̀. Ó fa ìlẹ̀kùn ìbọn, ó ṣí. Ó ti ìka bọ ibẹ̀, ó wo ìka náà. Ó gbé e sójú oòrùn, ó yọjú wo inú rẹ̀ títí. Ó ki ọta sí i, ó yìn ín sí ara igi kan lẹ́yìn ilé. Ó ró dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín.

Àkànó ní, "Ó bi yín pé ta ló ṣe é. Ó ní kò sí sójà òun kan tó lè tọ́jú ìbọn tó báyìí."

Mo ní kí wọ́n mú Dáúdà wá.

Wọ́n mú un wá. Ó ti gbẹ, ọrùn rẹ̀ ti gùn, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí mi. Wọ́n tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú mi. Mo ti ń na ọwọ́ sí i. Òyìnbó sọ̀rọ̀, Àkànó kò túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní..." Àkànó ń wo ilẹ̀. "Ó ní ọdún iṣẹ́ sójà tí Sùlè fi ọwọ́ sí kò tíì pé. Ó ní ilé tó mọ ìbọn tọ́jú báyìí, kò yẹ kó fi í ṣòfò. Dáúdà ni yóò parí èyí tó kù."

"O ní yóò jáde lẹ́wọ̀n."

"Ṣé kò jáde ni, Alágbẹ̀dẹ?"

Wọ́n ti gbé aṣọ sójà bá a. Òyìnbó fi ìbọn náà lé e lọ́wọ́. Dáúdà gbé e sí èjìká bí wọ́n ṣe ní kó gbé e, ó yí orí sí i, ó fi imú fa òórùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "kí lẹ fi pa á? Òórùn òkú ni."

Mo ní òrí ni. Mo ní òrí lásán ni, àbúrò mi, kó máa fi òrí pa á nígbà gbogbo, kó má jẹ́ kí omi kàn án. Mo ń sọ̀rọ̀ nípa òrí títí wọ́n fi mú un lọ síbi tí àwọn tó kù wà.

Àlàádì, ní Kambolé. Ọjọ́ Iléyá

Àná ni mo dé, ilẹ̀ ti ń ṣú. N kò lè sọ ọ́ fún Ìyá lánàá. Mo ní ara ń dùn mí. Lónìí, lẹ́yìn ìrun, nígbà tí wọ́n ń kun àgbò, ó wá bá mi lábẹ́ igi. Ó ti wọ aṣọ tó dára. Ó ti gbálẹ̀ yàrá rẹ̀, ó ti tẹ́ ẹní kejì síbẹ̀.

"Dáúdà dà?"

Mo sọ ọ́ fún un. N kò fi bò. Mo ní wọ́n ti tú u sílẹ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ di sójà.

"Ìbọn wo ni wọ́n fún un?"

Mo ní èyí tí mo gbé lọ ni.

"Èyí tí a wẹ̀? Tí a wé? Tí a kírun sí?"

"Òun ni, Ìyá."

Àwọn ọmọdé ń sá kiri pẹ̀lú ẹran lọ́wọ́. Fàúsátù ti gbọ́, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wá dúró tì wá.

"Yàhàyá," Ìyá ní, "ọmọ mi wo ni a wẹ̀?"

Mo la ẹnu. Fàúsátù ló dá a lóhùn. Ó ní, "Sùlè ni, Ìyá. Sùlè ni." Ó ń tún un sọ, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ìyá kò wo Fàúsátù. Èmi ló ń wò, ó ń retí èsì, ohùn Dáúdà sì ni mo ń gbọ́: òórùn òkú ni.